Aago Àlòkù Olówó Ńlá

Bí ẹnìkan bá fi aago ọwọ́ Switzerland àlòkù lọ̀ yín ní ọjà Akẹ̀sán l'Ọ́yọ̀ọ́, ẹ má tíì yọ owó. Aago ọtomátíìkì kò ní bátìrì. Irin wúwo kan ní ń yí nínú rẹ̀ bí apá ti ń mì, òun ní í ká a; 1931 ni Rolex gbé tirẹ̀ jáde. Bí a kò bá wọ̀ ọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó lè dúró. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ bátìrì rẹ̀, ẹ̀tàn ni! Ẹ mú onígbọ̀wọ́ wá, ẹ fi rédíò tún un ṣe, kí ẹ wọ̀ ọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ di ọjọ́ kejì. Èyí tó bá fi ìṣẹ́jú 5 yára lè mú gbogbo ilé ṣínu kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ bèèrè ìwé tí a fi rà á pẹ̀lú. Bí kò bá sí, ẹ dá a padà fún un.