Pátákó Yẹn Kì í Ṣe Fún Fọ́tò

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń gbá gọ́ọ̀fù nílẹ̀ Amẹ́ríkà, àti ẹ̀yin tí ẹ ń ti Èkó gbé igi wá nígbà ìsinmi,

Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Bí ó bá ta yín lára, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Ara mi ni màá kọ́kọ́ fi pàṣán nà kí n tó kàn yín.

Ẹni tó bá ti dé Bethpage Black ní Long Island mọ pátákó tí mò ń sọ. Ìdí ibi tí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ló wà. Ó ń kìlọ̀ pé pápá yìí le gan-an, pé àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá dáadáa nìkan ló yẹ kó wọ̀ ọ́. Gbogbo wa là ń ya fọ́tò níbẹ̀. Àwa tí a ń gbọ́ ohun tó ń wí ni a ò pọ̀.

Èmi náà ya tèmi, ní Sátidé kan nínú oṣù kẹfà. Mo rẹ́rìn-ín, mo gbé àtàǹpàkò sókè, mo wá lọ dúró síbi àmì tó wà lẹ́yìn pátápátá, ibi tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn ògbóǹtarìgì. Bọ́ọ̀lù mi àkọ́kọ́ kò rìn tó ọgọ́rùn-ún yáàdì tó fi wọ inú koríko gíga. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ tú koríko bí ẹni tí òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ bọ́ sọnù. Nígbà tí mo gbójú sókè, àwọn tó kàn lẹ́yìn wa ti fọwọ́ lẹ́rán, wọ́n ń wò wá.

Bàbá àgbàlagbà kan wà láàárín wọn. Mo ti rí i láàárọ̀ tó ń ká bùláńkẹ́ẹ̀tì. Inú mọ́tò ló sùn mọ́jú níbi ìgbọ́kọ̀sí, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣe níbẹ̀ kí wọ́n lè rí àyè gbá. Ó ní awakọ̀ bọ́ọ̀sì lòun, agogo méjì ọ̀sán lòun ń wọṣẹ́. Ní ihò 4, inú kòtò iyanrìn ńlá tó dábùú ọ̀nà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbá bọ́ọ̀lù kó tó jáde. Bàbá dúró. Bí wọ́n ṣe parí ihò 14, ó wo aago, ó gbé àpò igi rẹ̀ kọ́ èjìká, ó juwọ́ sí wa, ó sì ń lọ. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ihò mẹ́rin ló kù fún un, èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ta ló ni pápá náà? Ìpínlẹ̀ New York ló ni ín. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ni ìjọba kó jọ láti ṣe ọgbà ìgbafẹ́ tí pápá náà wà nínú rẹ̀. 1936 ni wọ́n ṣí Black, ọ̀kan nínú pápá márùn-ún tó wà níbẹ̀. Ní 2002, òun ni pápá àkọ́kọ́ tó jẹ́ ti ìjọba, tí ìjọba sì ń bójú tó fúnra rẹ̀, tí wọ́n ti gbá ìdíje US Open. Gígùn rẹ̀ lọ́dún náà jẹ́ 7,214 yáàdì. Nínú gbogbo akọni tó péjọ, Tiger Woods nìkan ni iye ìgbá rẹ̀ kò tó iye tí wọ́n là sílẹ̀. Ìgbá mẹ́ta péré ló sì fi dín in, fún odindi ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tí PGA Championship fi débẹ̀ ní 2019, wọ́n ti fà á gùn dé 7,459. Ibi tí ojú wọ́n ti rí màbo nìyẹn. Ibẹ̀ lèmi tí mò ń jókòó sí ọ́fíìsì láti ọjọ́ Ajé di ọjọ́ Ẹtì lọ dúró sí.

A fẹ́ràn láti máa wí pé ohun tí ọwọ́ wa ò bá tó, a ó fi gọ̀ngọ̀ fà á. Ó dára lẹ́nu iṣẹ́ àti nílé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n tó bá di pápá gbogbogbò, tí ẹlòmíì wà lẹ́yìn ẹni, òwe kejì ló yẹ ká rántí: bí a ti mọ là ń kú, olongo kì í kú tìyàntìyàn.

Láti 2011 ni àwọn àjọ gọ́ọ̀fù USGA àti PGA of America ti ń fi ètò Tee It Forward rọ̀ wá pé ká sún síwájú: ẹni tí ìgbá rẹ̀ tó lágbára jù ń lọ 200 yáàdì, pápá tí kò ju nǹkan bí 5,400 lọ ló bá a mu. Òfin gọ́ọ̀fù ti 2019 dín àkókò wíwá bọ́ọ̀lù kù láti ìṣẹ́jú 5 sí 3, ó sì gbà wá nímọ̀ràn pé kí ìgbá kan má kọjá ìṣẹ́jú àáyá 40. Àwa ńkọ́? A ó já koríko fi wo afẹ́fẹ́, a ó fi igi lu afẹ́fẹ́ náà lẹ́ẹ̀mẹrin, bọ́ọ̀lù á wá yí gbirigbiri lọ sínú igbó.

Mo mọ èsì yín: "Owó mi ni mo san. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo wá. Ohun tí Woods rí ni mo fẹ́ rí." Ẹ ó rí i láti iwájú ju ẹ̀yìn lọ. Kòtò iyanrìn ihò 4 yẹn, ìbéèrè ni wọ́n fi sílẹ̀ fún yín: ṣé ẹ ó gbá a fò ó ní ìgbá kejì, àbí ẹ ó yà fún un? Ẹni tó ti ẹ̀yìn gbá, tí agbára rẹ̀ kò gbé e, kò ní í dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè. Koríko nìkan ni yóò rí.

Ẹ̀yin alábòójútó pápá ìjọba náà, pátákó nìkan kò tó. Ẹ fi ẹnì kan síbẹ̀ tí yóò béèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ gbá pé, "Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ìgbá yín ṣe ń jìnnà tó?" kó sì nawọ́ sí àmì tó yẹ wọ́n.

Mo padà lọ lọ́dún tó kọjá. Àmì funfun, èyí tó wà níwájú ti àwọn ògbóǹtarìgì, ni mo ti gbá a. Bọ́ọ̀lù kan péré ló sọ nù, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ lẹ́rán lẹ́yìn wa. Nígbà tí a parí, mo rìn yí ibi ìgbọ́kọ̀sí ká, mò ń wo inú mọ́tò kọ̀ọ̀kan bí olè. Mi ò rí bàbá náà. Gbèsè ihò mẹ́rin ṣì wà lọ́rùn mi.