Kọ̀ǹpútà Tí Kò Lè Kọ Èdè Wa Kò Yẹ Wá

Bí ọdún ẹ̀kọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, ìbéèrè kan náà ni à ń bi ara wa lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì: kọ̀ǹpútà alágbèéká wo ni kí n rà? Ẹnìkan a ní ti Windows ni, nítorí òun ni gbogbo ayé ń lò. Ẹlòmíràn a ní Mac ni, nítorí ó dùn ún wò. Ẹnìkẹta a ní Linux ni, nítorí ọ̀fẹ́ ni. Lójú tèmi, ìbéèrè yẹn kò tíì pé. Ohun tó yẹ kí àwa tí à ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè kọ́kọ́ bèèrè ni pé: ṣé ẹ̀rọ yìí yóò kọ èdè mi? Ṣé ohun tí mo bá kọ sínú rẹ̀ yóò ṣeé kà ní ọdún mẹ́wàá sí i?

Ẹ wo azerty tí a jogún lọ́wọ́ Faransé. Bọ́tìnnì é wà níbẹ̀, è wà, à àti ù náà wà. Ṣùgbọ́n bí a bá fi í sílẹ̀ bí Windows ṣe tò ó láti àtijọ́ fún èdè Faransé, kò sí ọ̀nà tààrà láti tẹ á, í, ó tàbí ú. Àfi bí ẹni pé orí e nìkan ni ohùn òkè lè jókòó sí! Ká má tíì sọ ti ẹ àti ọ, tàbí ti ɛ àti ɔ tó wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ó bá sú akẹ́kọ̀ọ́, ó pa àmì tì, ni igbá, ìgbà àti ìgbá bá di igba kan ṣoṣo. Ta ni yóò wá fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ìtúpalẹ̀ ohùn?

Mo ti rí ìwé àṣekágbá ẹ̀gbọ́n wa kan tí wọ́n fi fọ́ǹtì àtijọ́ tí kì í ṣe ti Unicode kọ. Nígbà tí a ṣí i lórí ẹ̀rọ mìíràn, gbogbo ọ̀rọ̀ tó gbà sílẹ̀ ní Kétu ti di àmì jákujàku. Òmíràn nínú àwọn àgbà tó sọ ọ̀rọ̀ náà fún un ti papòdà. Ta ni a ó tún lọ bi?

Ẹ jẹ́ ká wá gbé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé ìwọ̀n. Windows ní kíbọọ̀dù Yorùbá nínú, ọ̀pọ̀ olùtúnṣe ló sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn dúró fún Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2025. Windows 11 ní tirẹ̀ ń béèrè TPM 2.0, tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àlòkù kò ní. Bí òǹtajà bá ní “Windows wà lórí rẹ̀”, ẹ bi í pé èwo.

Mac lágbára, kíbọọ̀dù rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ABC Extended sì ń kọ àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀, a kò lè fi RAM kún àwọn MacBook tuntun, FLEx tí a fi ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè kò sì ní ẹ̀dà tirẹ̀.

Linux ńkọ́? Ubuntu, tó jáde ní 2004, ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí Windows 11 kọ̀. Kíbọọ̀dù Yorùbá wà nínú rẹ̀, lábẹ́ Nàìjíríà. Praat tí Boersma àti Weenink ṣe ní Amsterdam ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ELAN láti Nijmegen. Ẹnìkan lè gbà á wálẹ̀, kí ó fi USB pín in fún gbogbo kíláàsì, òfin fàyè gbà á. Mi ò ní pa irọ́ o: ó ń fẹ́ sùúrù, ìwé tí olùkọ́ fi Word kọ a sì máa yí ipò padà nínú LibreOffice nígbà mìíràn.

Èmi fara mọ́ kọ̀ǹpútà àlòkù tó ní RAM 8 GB àti SSD, kí a fi Linux sí i. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò lè kúrò lórí Word, kí ó fi Windows àti Linux síbẹ̀ pọ̀. Ẹ̀rù Linux ń bà yín? Ẹ wá ẹnìkejì, kí ẹ jọ kọ́ ọ.

Èyí ó wù kí ẹ yàn, ẹ fi Keyman sí i: ọ̀fẹ́ ni, ó sì wà fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ máa fi Unicode kọ̀wé, kí ẹ sì ní ẹ̀dà iṣẹ́ yín níbi méjì. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí ẹ̀rọ náà níwájú òǹtajà, kí ẹ tẹ gbólóhùn Yorùbá kan tàmì-tàmì. Àgbẹ̀ kì í torí ẹwà èèkù ra ọkọ́. Bí yóò ṣe ro oko ló ń wò.