Ẹni Àárín Ni Kí Ayánilówó Wò

Bí apẹ̀rẹ̀ tòmátì méjì bá rà nínú méje ní ọjà Mile 12, ìyá ọlọ́jà kò ní gbà kí oníbàárà torí méjì náà dín owó márùn-ún tó kù. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá di ti owó yíyá, irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ni a ń fi gbé àwọn ìyá ọlọ́jà fúnra wọn léwọ̀n.

Àwọn ilé-iṣẹ́ tí CBN fún láṣẹ láti tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè wa, bíi CRC àti FirstCentral, máa ń fún ayáwó ní máàkì láti 300 dé 850. Bí ó bá ṣe ga tó ni ayánilówó ṣe ń fọkàn tán ni tó.

Ká ní àwọn aláta méje ní Kétu ní 350, 380, 680, 700, 710, 720 àti 730. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 4,270. Bí a bá pín in sí ọ̀nà méje, ìpíndọ́gba jẹ́ 610. Ta ni ó ní 610 nínú wọn? Kò sí! Ẹni kẹrin, tí mẹ́ta kéré sí, tí mẹ́ta sì jù lọ, ní 700. Òun ni ẹni àárín. Àwọn méjì ìsàlẹ̀ ni wọ́n fa ìpíndọ́gba wálẹ̀.

Ayánilówó tí ó bá wo 610 nìkan yóò gbé èlé gọbọi lé márùn-ún tí máàkì wọn dára. Obìnrin mìíràn tí ó ní 640 yóò sì máa yọ̀ pé òun ta ìpíndọ́gba yọ, láìmọ̀ pé márùn-ún nínú àwọn méje náà ló jù ú lọ.

Ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2023, ìpíndọ́gba máàkì FICO jẹ́ 718, síbẹ̀ nǹkan bí ìdajì àwọn tí a fún ní máàkì ló ní 750 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìpíndọ́gba wúlò fún báńkì tó fẹ́ ṣírò àdánù rẹ̀ lápapọ̀. N kò jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ní báyìí tí ìjọba ti gbé CREDICORP dìde kí awin lè kárí aráàlú, ẹni tó bá kéde ìpíndọ́gba gbọ́dọ̀ kéde máàkì ẹni àárín pẹ̀lú rẹ̀. Òfin ọdún 2017 lórí àkọsílẹ̀ gbèsè sì fún ayáwó ní ẹ̀tọ́ láti rí ohun tí a kọ nípa rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ báńkì kan ní Ìkòsí bá wí pé, “Ìyá, máàkì yín ti ju ìpíndọ́gba lọ,” kí ìyá bi í pé, “Ọmọ mi, nínú ènìyàn mẹ́wàá, mélòó ni mo jù lọ?”