Owó DStv àti dátà: Kí ló dé tí èènì ń pọ̀ sí i, àmọ́ tí owó kì í wálẹ̀?

Nígbà tí mínísítà fún ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní orílẹ̀-èdè Ghana, Sam George, ní kí iléeṣẹ́ MultiChoice dín owó DStv kù ní ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ohun tí ọ̀pọ̀ onílé ń retí ni pé iye tí wọ́n ń san lóṣooṣù yóò wálẹ̀. Oṣù Kẹjọ ọdún 2025 nìyẹn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yóò fi parí nínú oṣù Kẹsàn-án, owó kò fi pẹ́sẹ́wà kan dín. Ìkànnì púpọ̀ sí i ni wọ́n fún oníbàárà: láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá, ẹni tó bá san owó ìpele tó ti ń wò tẹ́lẹ̀ yóò máa wo ìpele tó ga jù ú lọ.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti ra gàrí lọ́jà rí mọ orúkọ ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí. Èènì ni. Ọlọ́jà kò dín owó, ó kàn bù díẹ̀ lé e. Èènì dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀dínwó. Ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò ká kóńgò gàrí kan, èènì kò wúlò fún un, nítorí kò tíì rà á débi tí wọn yóò bù lé e.

Ìyàtọ̀ láàrin èènì àti ẹ̀dínwó ló ṣàlàyé púpọ̀ nínú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí owó tẹlifíṣọ̀n, dátà àti ìpè láti Accra dé Kútọnu, dé Èkó.

Kí ni Ghana rí gbà?

Ẹjọ́ tí Sam George rò kò ṣòro láti yé. Ó ní ìpele Premium tí wọ́n ń tà ní dọ́là 83 ní Ghana, dọ́là 29 péré ni wọ́n ń tà á ní Nàìjíríà. Yàtọ̀ sí èyí, sẹ́dì ti gbéra sókè sí dọ́là lọ́dún náà. Àwáwí pé owó ìlú ń já wálẹ̀, tí iléeṣẹ́ fi máa ń ṣe àfikún, kò sí nílẹ̀ mọ́.

MultiChoice fèsì pé irú ẹ̀dínwó bẹ́ẹ̀ kò ṣeé ṣe. Ó ní ohun tí òun lè ṣe ni kí òun má fi kún owó tó wà nílẹ̀. Mínísítà kọ̀ ọ́. Àjọ tó ń mójútó ètò ìbánisọ̀rọ̀ níbẹ̀, NCA, bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó ìtanràn sẹ́dì 10,000 lójúmọ́ sí i lọ́rùn, wọ́n sì ń halẹ̀ pé àwọn yóò gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ kan jókòó lórí rẹ̀, orí ìkànnì ni wọ́n fẹnu kò sí, kì í ṣe orí owó.

Kì í ṣe pé Ghana pa dà lọ́wọ́ òfo. Ìdílé tó ń san owó ìpele kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í wo ohun tí agbára rẹ̀ kò ká tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ kí owó dín kù kó lè fi ìyókù ra oúnjẹ kò rí nǹkan kan padà sápò. Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà níbẹ̀: èènì rọrùn láti gbà padà. Iléeṣẹ́ tó bá ti dín owó kù gbọ́dọ̀ kéde fáyé gbọ́ kó tó lè gbé e sókè padà, ariwo yóò sì sọ. Èyí tó fi ìkànnì kún un lè yọ ìkànnì náà lọ́jọ́ kan, kí ọ̀pọ̀ má tilẹ̀ fura.

Nàìjíríà gba ilé ẹjọ́ lọ

Ní Nàìjíríà, ilé ẹjọ́ ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ, ibi tó sì já sí kò dùn mọ́ oníbàárà nínú. Lọ́dún 2024, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ lórí ẹ̀tọ́ oníbàárà bu mílíọ̀nù 150 náírà lé MultiChoice gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn, ó sì ní kó jẹ́ kí àwọn ọmọ Nàìjíríà wò ó lọ́fẹ̀ẹ́ fún oṣù kan, nítorí pé ó gbé owó sókè lẹ́yìn tí wọ́n ti ní kó dúró ná. Síbẹ̀, owó tuntun náà kò padà sẹ́yìn.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹta ọdún 2025, iléeṣẹ́ náà tún gbé Compact láti ₦15,700 sí ₦19,000, ó sì gbé Premium láti ₦37,000 sí ₦44,500. Àjọ tó ń rí sí ìdíje ọjà àti ẹ̀tọ́ oníbàárà, FCCPC, ti ní kó má ṣe é kí àwọn tó parí ìwádìí. Kò gbà. Àwọn méjèèjì wọ́ ara wọn lọ sílé ẹjọ́.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún, adájọ́ James Omotosho ti ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Abuja da ẹjọ́ tí MultiChoice pè nù, torí pé ẹjọ́ mìíràn ti wà ní Èkó lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Lójú òde, FCCPC ló jàre. Àmọ́ adájọ́ náà sọ ohun kan tó wúwo ju ìyẹn lọ: FCCPC kò lágbára láti dá iye tí wọn yóò máa ta ọjà, ààrẹ orílẹ̀-èdè ni òfin fún ní agbára bẹ́ẹ̀.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí nínú ilé kò kéré. Owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà jẹ́ ₦70,000. Compact nìkan ju ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ lọ. Fún ẹni tó ń wo Premium, àfikún oṣù Kẹta yẹn nìkan jẹ́ ₦90,000 láàrin ọdún kan, ó ju owó oṣù òṣìṣẹ́ tó ń gba iye tó kéré jù lọ.

Kí ló dé tí ẹnì kan ṣoṣo kò fi lè ná an?

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Britain mọ ọ̀nà mìíràn. Níbẹ̀, oníbàárà máa ń tọwọ́ bọ àdéhùn oṣù 18 tàbí 24 fún íntánẹ́ẹ̀tì àti tẹlifíṣọ̀n ilé. Bí àdéhùn bá ti fẹ́ parí, yóò pe iléeṣẹ́ náà pé òun fẹ́ lọ. Wọn yóò gbé e fún àwọn òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ wọn kò ju kí oníbàárà má lọ, àwọn yẹn sì láṣẹ láti já owó sílẹ̀. Àjọ Ofcom tún fi agbára kún un. Láti oṣù Kejì ọdún 2020, iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ fún oníbàárà pé àdéhùn rẹ̀ ń parí lọ. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì kò ní láti bá ẹni tó ń fi sílẹ̀ sọ̀rọ̀ rárá, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lọ bá nìkan ló kù.

Ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, ọ̀pọ̀ oníbàárà ń sanwó kó tó wò ó, kó tó pè, kó tó wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sí àdéhùn kankan tí iléeṣẹ́ ń bẹ̀rù pé yóò já. Ọmọ tó ń gbé ìpè oníbàárà kò láṣẹ láti yọ náírà kan kúrò nínú iye tó wà lórí kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá ń bẹ̀ ẹ́ kàn ń fi káàdì ìpè ṣòfò ni.

Ìdí kejì ni bọ́ọ̀lù. Ní Nàìjíríà, HiTV gba ẹ̀tọ́ láti máa fi Premier League hàn lọ́dún 2007. Nígbà tí ẹ̀tọ́ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún 2010, iléeṣẹ́ náà kò pẹ́ kó tó kógbá sílé. Ẹni tó bá ní bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ mọ̀ pé púpọ̀ nínú oníbàárà òun kò ní ṣọ́ọ̀bù mìíràn láti yà sí.

Ìgbà tí owó wálẹ̀ lóòótọ́

Síbẹ̀, owó ti wálẹ̀ rí. Nígbà tí fóònù alágbèéká dé Nàìjíríà lọ́dún 2001, ₦50 ni ìpè ìṣẹ́jú kan, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré sì ń san owó ìṣẹ́jú kan gbáko. Àwọn iléeṣẹ́ ní àwọn kò tíì lè máa ka owó ní ìṣẹ́jú àáyá. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2003, Glo dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ọ̀pọ̀ oníbàárà pa fóònù wọn fún odidi ọjọ́ kan láti fi ẹ̀hónú hàn. Kò pẹ́ tí àwọn iléeṣẹ́ yòókù fi rí i pé ohun tí àwọn ní kò ṣeé ṣe ṣeé ṣe.

Lọ́dún 2016, àjọ NCC fẹ́ fi òdiwọ̀n sí iye tó kéré jù lọ tí iléeṣẹ́ lè ta dátà, láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejìlá. Ariwo sọ, wọ́n sì dá a dúró nígbà tó ku ọjọ́ kan. Ní Bẹ̀nẹ̀, ìjọba Patrice Talon gbé owó orí CFA 5 lé mẹ́gábáìtì kọ̀ọ̀kan tí èèyàn bá fi lo Facebook, WhatsApp àti irú wọn, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018. Ìyẹn ń lọ sí bíi CFA 5,000 owó orí lórí gígábáìtì kan ṣoṣo. Àwọn ọ̀dọ́ gbé #TaxePasMesMo jáde, láàrin ọjọ́ díẹ̀ ni ìjọba fagi lé owó orí náà. Lọ́dún 2024, Starlink kéde pé òun ń gbé owó oṣooṣù ní Nàìjíríà láti ₦38,000 lọ sí ₦75,000. NCC ní òun kò fún un láṣẹ, ó sì fà á sẹ́yìn. Síbẹ̀, owó rẹ̀ gbéra lọ́dún tó tẹ̀lé e.

Ohun méjì ló hàn nínú gbogbo ìtàn wọ̀nyí. Àkọ́kọ́, owó máa ń wálẹ̀ níbi tí ṣọ́ọ̀bù mìíràn bá wà tí oníbàárà lè yà sí. Èkejì, ó rọrùn láti dá àfikún dúró kó tó fìdí múlẹ̀ ju kí wọ́n dá a padà lẹ́yìn rẹ̀ lọ. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, NCC gba àwọn iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì láàyè láti fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NLC mú ọjọ́ 4 oṣù Kejì fún ìwọ́de, wọ́n sún un síwájú kí wọ́n lè jókòó sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìjọba. Nínú oṣù kan náà ni owó gbéra. Dátà 15GB ọlọ́sẹ̀ kan tí MTN ń tà ní ₦2,000 di ₦6,000, ìyẹn ni pé gígábáìtì kan kúrò ní nǹkan bíi ₦133, ó di ₦400. Iléeṣẹ́ náà tọrọ àforíjì lọ́wọ́ oníbàárà.

Ní ti DStv àti GOtv, ẹsẹ̀ oníbàárà ló sọ̀rọ̀ ju ẹnu adájọ́ lọ. Láàrin oṣù Kẹta ọdún 2023 sí oṣù Kẹta ọdún 2025, oníbàárà tó ju mílíọ̀nù kan lọ ló fi MultiChoice sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Iléeṣẹ́ tó bá ń pàdánù èèyàn báyìí kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró de ilé ẹjọ́ kó tó wá nǹkan fi tu oníbàárà lójú.

Kí ni ìdílé kan lè ṣe?

Àìsí àdéhùn tó sọ oníbàárà di aláìlágbára lórí fóònù náà ló fún un ní òmìnira láti dáwọ́ dúró nígbàkúùgbà. Bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Yúróòpù máa ń sinmi láti ìparí oṣù Karùn-ún títí di àárín oṣù Kẹjọ. Ìdílé tó ń tìtorí bọ́ọ̀lù san Compact, tó bá dáwọ́ dúró fún oṣù Kẹfà àti Ìkeje, yóò fi ₦38,000 pamọ́. Àfikún tí wọ́n fi lé Compact ní oṣù Kẹta, ₦39,600 ni láàrin ọdún kan. Oṣù méjì yẹn nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á padà tán, àyàfi lọ́dún tí ìdíje ńlá bá bọ́ sí i.

Ẹni tó dáwọ́ dúró náà ni wọ́n sábà máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ èènì ránṣẹ́ sí. Bákan náà ni ti fóònù: ohun tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fi lọ láìnì kan kì í fi í lọ láìnì kejì, kódà nínú ilé kan náà. Kí ìdílé tó ra dátà, ó yẹ kí wọ́n yẹ gbogbo láìnì tó wà nílé wò, kí wọ́n pín owó sí iye gígábáìtì, kí wọ́n sì ka iye ọjọ́ tí yóò lò. Dátà tó pọ̀ tó sì kú lọ́jọ́ keje lè wọ́n ju kékeré tó lo oṣù kan lọ.

Ní Nàìjíríà, láti ọdún 2013 ni oníbàárà ti lè gbé nọ́ḿbà rẹ̀ kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan lọ sórí òmíràn láì pààrọ̀ rẹ̀. Ní Ghana, ọdún 2011 ni. Ẹni tí wọ́n bá yọ dátà rẹ̀ lọ́nà tí kò yé e, tí iléeṣẹ́ kò sì yanjú rẹ̀, lè pe NCC lórí 622.

Ibi tó yẹ kí ojú wà báyìí

Láti ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, MultiChoice ti bọ́ sábẹ́ Canal+ ti ilẹ̀ Faransé, tó ti ń ta tẹlifíṣọ̀n tipẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Ẹni kan náà ló wá di olówó ọjà lápá méjèèjì ẹnubodè Sẹmẹ. Èyí lè mú kí ṣọ́ọ̀bù tí oníbàárà lè yà sí dín kù. Ó sì lè fún un ní ohun ìjà tuntun, nítorí ohun tí Sam George ṣe, tó fi owó ìlú kan wé ti ìlú kejì, yóò túbọ̀ rọrùn nígbà tó bá jẹ́ olówó kan ló ń dá iye méjèèjì.

Ìpolówó tuntun yóò wá, àfikún tuntun náà yóò sì wá. Nígbàkúùgbà tí iléeṣẹ́ bá kéde pé òun ti ṣojú àánú, ìbéèrè kan ni kí oníbàárà, àjọ ìjọba àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ bi í: ṣé owó ló dín kù, àbí èènì ni wọ́n bù lé e?