Mítà Nìkan Kò Tó Láti Fi Ra Bátìrì

Ọ̀rọ̀ bátìrì àlòkù ló wà nílẹ̀. Ẹni tó tà á á ní, "Mo fi mítà wò ó lójú yín, 12.6 ló kọ." Ẹni tó rà á á ní, "Mo délé, kò gbé gílóòbù kan fún wákàtí kan." Ìjà dé nìyẹn. Èmi sọ pé àwọn méjèèjì lè má purọ́.

Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Gbogbo bátìrì ló ní ìdíwọ́ nínú ikùn ara rẹ̀, tó ń dí iná lọ́nà kó tó jáde. Tó bá jẹ́ tuntun, ìdíwọ́ yìí kéré púpọ̀. Tó bá gbó, tí omi inú rẹ̀ gbẹ, tí èépá funfun bo òjé inú rẹ̀, ìdíwọ́ á pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n kì í fara hàn àfi tí iná bá ń ṣàn. Mítà kì í sì í fa iná tó nǹkan kan, ó kàn tọ́ ọ wò ni. Ìdí nìyẹn tí bátìrì tó ń kú lọ fi lè kọ 12.6 bíi tuntun. Alábàárù tó jókòó kì í mí hẹlẹ. Ẹ gbé àpò ìrẹsì lé e lórí ná, ẹ ó mọ̀ bóyá ó lágbára.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí a ṣe ń ṣírò owó. Gílóòbù iwájú mọ́tò ń fa bíi ampere 4. Tí ìdíwọ́ inú bátìrì bá jẹ́ ohm 0.5, ìlọ́po 4 rẹ̀ jẹ́ 2. Fólítì 2 ti run sínú bátìrì nìyẹn, 12.6 á wálẹ̀ sí 10.6. Èyí tó le, tí ìdíwọ́ tirẹ̀ jẹ́ 0.02, kò ní pàdánù tó 0.1. Bẹ́ẹ̀ méjèèjì ló kọ 12.6 kí gílóòbù tó tàn!

Èrò tèmi ni pé kí ẹgbẹ́ sọ ọ́ di òfin: kí gbogbo ìsọ̀ bátìrì àlòkù ní gílóòbù mọ́tò nílẹ̀. Kí wọ́n wọn fólítì kí iná tó tàn, kí wọ́n tún un wọ̀n nígbà tí iná ń jó, kí wọ́n kọ méjèèjì sí rìsíìtì. Bátìrì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ṣájà, kí ó sinmi fún wákàtí díẹ̀ ná, torí fólítì rẹ̀ máa ń ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ní ti bátìrì ńlá tí à ń fi sí ìnfátà, gílóòbù kan kéré fún un. Ẹrù tó tó ti ilé oníbàárà ni kí wọ́n gbé lé e.

Àwọn kan á ní ó ń fàkókò ṣòfò. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ìjà a máa gba ọjọ́ kan gbáko. Ẹni tó ń ta ojúlówó ni òfin yìí máa gbè jù, torí ẹnu ò ní gbà á mọ́ pé olè ni. Ẹni tó sì ń rà á láti fi tajà alẹ́, owó oúnjẹ ọmọ ló ń san. Ẹ jẹ́ ká jíròrò rẹ̀ ní ìpàdé wa tó ń bọ̀.

Ọjà á tà o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́