Àlàfo Lórí Máàpù Kì Í Ṣe Ọ̀nà Tó Dán



Máàpù kan wà lórí fóònù tí wọ́n ń pè ní OpenStreetMap. Ọdún 2004 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ọ̀wẹ̀ ló rí: ẹnikẹ́ni ló lè fi ohun tó mọ̀ kún un, ọ̀fẹ́ sì ni lílò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà orí rẹ̀, inú àwòrán tí wọ́n yà láti òkè ni wọ́n ti wò ó fà. Àwòrán òkè á fi ìlà hàn wá. Kò lè sọ bóyá ẹrẹ̀ ni tàbí òkúta, bóyá pákó ni wọ́n tẹ́ sórí odò, bóyá ọ̀kadà lè gba ibẹ̀ lẹ́yìn òjò. Ibi tó yẹ kí a kọ ìyẹn sí á wá ṣófo.

Àwọn kan ní kí a kàn kọ "ọ̀nà tí kò lọ́dà" sí gbogbo àlàfo, kí iṣẹ́ lè yá. Àwa kò fara mọ́ ọn. Ètò kan wà tó ń jẹ́ StreetComplete, tó máa ń bi ẹni tó ń kọjá léèrè ohun tó bá ṣófo. Bí a bá ti fi àbá dí àlàfo, yóò pẹ́ kí ó tó tún béèrè, irọ́ á sì jókòó síbẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó jáde ní ìdájí láti lọ wọkọ̀ ní títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, àti ọlọ́kadà tó gbé aboyún, ohun tí a kọ ni wọn yóò gbọ́kàn lé. Abèèrè kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ti purọ́ fún kò ní béèrè.

Ta ni yóò wá kọ òtítọ́? Àwa tí à ń fi ẹsẹ̀ rìn ín ni. Kí kálukú kọ ọ̀nà tó mọ̀, kí ó sì kọ ọjọ́ tó rí i, nítorí ọ̀nà tó gbẹ ní oṣù kìíní lè di àbàtà ní oṣù kẹfà. Èyí tí a kò mọ̀, ẹ jẹ́ kó ṣófo.

Máàpù kò lè dí kòtò. Ṣùgbọ́n bí a bá lọ bá ìjọba ìbílẹ̀ Obafemi-Owode tàbí ti Ifo nítorí ọ̀nà, ẹ̀rí yóò wà lọ́wọ́ wa.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.