Ìgò Mínírà Kò Gba Omi Gbígbóná

Ẹni tó bá ní kò sí òtútù nílẹ̀ Áfíríkà, kó wá sun Hillbrow lóṣù Keje.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, aládùúgbò mi, ọmọ Ìbàdàn, se omi, ó sì rọ ọ́ sínú ìgò mínírà tó ti ṣófo. Ó fẹ́ gbé e síbi ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Kó tó dé e, ìgò ti rọ, ó súnkì, omi sì dà sí i lọ́wọ́. Ọpẹ́ ni pé ọmọ kò sí nítòsí.

Ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ike yìí nípọn?"

Ọ̀rọ̀ nínípọn kọ́. PET ni wọ́n ń pe ike yìí. Ọ̀kan náà ni òun àti pọlísítà tí a ń wọ̀ sọ́rùn. Ẹ fojú wò ó bí òwú gígùn tín-ín-rín tó lọ́ mọ́ra. Bí wọ́n bá ń ṣe ìgò, kíákíá ni wọ́n ń mú un tutù kí òwú náà má ráyè tò jọ púpọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi mọ́ gaara. Ṣùgbọ́n bí ooru bá ti tó nǹkan bí 75°C, òwú á bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ìgò á rọ. Jóhánẹ́sbọ̀ọ̀gì ga ju 1,700 mítà lọ, nítorí náà omi kì í tó 100°C kó tó hó níbí. Nǹkan bí 94°C ni. Síbẹ̀, 94 ti kọjá 75 dáadáa.

Bí wọ́n bá jẹ́ kí òwú náà tò bí ọwọ̀ tí a dì, ike ò ní mọ́ gaara mọ́, á sì túbọ̀ fara da iná. Irú rẹ̀ ni àwọn àwo oúnjẹ kan tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ó ṣeé gbé wọ ààrò. Ó di nǹkan bí 250°C kó tó yọ́.

Nítorí náà, àpò rọ́bà tí wọ́n dìídì ṣe fún omi gbígbóná ni kí ẹ rà, kí ẹ sì fi aṣọ wé e. Ìgò tó ṣófo, ẹ kó o fún àwọn tó ń fa kẹ̀kẹ́ ṣa ike ní àdúgbò. Iléeṣẹ́ ń yọ́ ọ padà di òwú tí wọ́n ń kì sínú ìrọ̀rí àti ìbora. Ìgò tó fẹ́ bó ọmọ lẹ́sẹ̀ lánàá lè di ohun tí yóò fi bora lọ́la.